Ọwọ́ Obìnrin Ni Ó Bọ́ Arìnrìn-Àjò

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ilé ọkọ mi ní Iyah-Gbede, ní ilẹ̀ Ìjùmú, nígbà tí gbogbo ẹbí kóra jọ síbẹ̀ fún ọdún Kérésìmesì. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti bí ọmọkùnrin kan, ọmọ náà sì ti pé oṣù márùn-ún. Kánò ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti ránṣẹ́ pé kí ìyàwó òun máa bọ̀ tọmọtọmọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí a ti jókòó tí a ń ṣa ẹ̀wà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ìyá ọkọ wa kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ta ni í gbé ọmọ pọ̀n kí ó tún máa wá ọ̀nà jíjìn kiri? Ojú ọ̀nà kì í ṣe ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ. Jẹ́ kí ọmọ yìí rìn ná."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Bí a bá dúró di ìgbà tí yóò rìn, kò ní mọ bàbá rẹ̀ mọ́." Ó wá kọjú sí mi. "Ìyálé mi, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ní yunifásítì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ Ìyá."

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo bá gbè sẹ́yìn ìyàwó, yóò dà bí ẹni pé mo fojú di ìyá ọkọ mi. Bí mo bá sì gbè sẹ́yìn Ìyá, ọmọ yóò wà ní ìhín, bàbá yóò wà ní ọ̀hún. Mo tọrọ ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo rò jọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí, nítorí ó dá mi lójú pé kì í ṣe ilé ọkọ tèmi nìkan ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé.

ÌBẸ̀RÙ ÀWỌN ÀGBÀ NÍ ÌDÍ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Ìyá ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń dá iná. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn: "Okun o, Ìyá." Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n ní ohun tí ó ń kó wọn láyà sókè. Wọn kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ̀rọ̀ ibà. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà wọn sọ fún wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré ni wọ́n sọ fún mi: pé ní ayé àtijọ́, obìnrin kì í dá lọ sí odò, nítorí ẹni tí ó bá dá lọ lè má padà wálé mọ́.

Ìtàn jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bida a máa wá kó àwọn ènìyàn ní ẹrú káàkiri ilẹ̀ Okun, láti Ọ̀wẹ́ dé Ìjùmú, láti Bùnú dé Ìyàgbà. Wọ́n a máa gba ìṣákọ́lẹ̀, ènìyàn pẹ̀lú sì wà nínú ohun tí àwọn ìlú fi ń san án. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó sá gun orí òkè lọ. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company dé Kabba, tí àwọn ọmọ ogun Bida sì fi àgọ́ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ṣẹ́gun Bida fúnra rẹ̀.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyàwó. Fún ìyá àgbà tí ó gbé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àjò kì í ṣe ìgbádùn. Ẹni tí ó lọ sí àjò ni ẹni tí a kò rí mọ́. Bí ìyá ọkọ bá wí pé kí o má lọ, má tètè sọ pé ó fẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ. Ó lè jẹ́ pé ẹkún tí ẹlòmíràn sun ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ó ṣì ń dún ní etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kò mọ sí ibẹ̀ yẹn. Ọ̀nà kan náà tí ó gbé àwọn kan lọ sí oko ẹrú ni ó gbé àwọn mìíràn lọ sí ibi ìmọ̀, ibi òwò àti ibi àdúrà, àwọn obìnrin sì wà nínú wọn.

ÀWỌN TÍ Ó BỌ́ IBN BATTUTA

Nínú gbogbo àwọn arìnrìn-àjò ayé àtijọ́, bóyá ni a lè rí ẹni tí ó rìn tó Ibn Battuta. Ìlú Tangier ní Mòrókò ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1304. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tí ó kúrò nílé ní ọdún 1325, tí ó gba Íjíbítì kọjá lọ sí Mẹ́kà. Ó dé ìlú Kilwa ní etí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, ó dé ilẹ̀ Íńdíà àti ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọdún 1352, ó la aṣálẹ̀ Sahara kọjá wá sí ilẹ̀ Málì. Ní ojú ọ̀nà, ó sùn ní Taghaza, níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta iyọ̀ kọ́ ilé tí wọ́n sì ń fi awọ ràkúnmí bò ó lórí. Ó dé Timbuktu àti Gao kí ó tó padà sí ilé. Ní ọdún 1355 ni wọ́n parí ìwé tí a fi kọ ìrìn-àjò rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn akọ̀tàn a máa yin ìgboyà rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ìtọ́jú ilé, ohun tí ó ń jẹ ni mo wá nínú ìtàn rẹ̀, mo sì rí i. Ó sọ pé ní ilẹ̀ Málì, arìnrìn-àjò kò ní láti ru oúnjẹ. Iyọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àti èròjà olóòórùn dídùn ni yóò mú dání. Bí ó bá ti dé abúlé kan, àwọn obìnrin yóò gbé jéró, wàrà, adìyẹ, ìrẹsì àti ẹ̀wà lílọ̀ jáde, yóò sì ra èyí tí ó bá wù ú. Ẹ ò rí i pé bí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò bá gún, tí wọn kò fẹ́, tí wọn kò sì tọ́jú oúnjẹ pa mọ́, ìtàn ìgboyà náà ìbá ti parí sí ojú ọ̀nà. A mọ orúkọ ẹni tí ó jẹun. A kò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí ó sè é.

Ohun mìíràn tún wà tí gbogbo ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Nígbà tí Ibn Battuta lo ọjọ́ mẹ́wàá ní olú-ìlú Málì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ àsáró kan tí a fi iṣu tí ó jọ kókò sè. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ọ̀kan nínú wọn sì kú. Òun fúnra rẹ̀ dákú níbi àdúrà òwúrọ̀. Ará Íjíbítì kan ni ó fún un ní oògùn tí ó fi bì, síbẹ̀ oṣù méjì ni ó fi ṣe àìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí kókò tí kò jinná ti ń yún ni ní ọ̀fun, tí ẹ mọ ìdí tí a fi ń rẹ gbágùúdá kí a tó jẹ ẹ́, tí ẹ sì mọ̀ pé a kì í ṣi gúdúgúdú inú igbó sè, ìmọ̀ tí ń gba ẹ̀mí là ní ojú ọ̀nà ni ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe fojú kékeré wò ó.

N kò ní fi apá kan ìtàn náà pa mọ́ fún yín. Nígbà tí Ibn Battuta ń padà lọ sí Mòrókò ní ọdún 1353, ó sọ pé 600 ẹrúbìnrin ni ó wà nínú ọ̀wọ́ tí òun bá rìn la aṣálẹ̀ kọjá. Àwọn náà rin ìrìn-àjò. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bí wọ́n bá fẹ́ lọ. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó òde òní bá lè sọ pé "mo fẹ́ lọ" tàbí "n kò fẹ́ lọ", ohun iyebíye ni ó dì mú.

ZUBAIDA TÍ Ó GBẸ́ KÀNGA

Bí a bá ti sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ omi ni ó kàn. Ní ilẹ̀ Lárúbáwá, obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Zubaida ni, ìyàwó Harun al-Rashid tí ó jọba ní Baghdad. Ọdún 831 ni ó kú. Owó tirẹ̀ ni ó ná láti gbẹ́ kànga àti láti mọ àwọn àgbàrá omi ńláńlá sí ojú ọ̀nà aṣálẹ̀ tí ó ti ìlú Kufa lọ sí Mẹ́kà, ó sì tún fa omi wọ Mẹ́kà fúnra rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà títí di òní. Ní ọdún 1326, nígbà tí obìnrin yìí ti kú fún nǹkan bí 500 ọdún, Ibn Battuta gba ọ̀nà náà, ó mu omi rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọpẹ́lọpẹ́ Zubaida. Ayaba ni ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó rò ni ohun tí gbogbo abiyamọ ń rò kí ilẹ̀ tó mọ́: níbo ni omi wà, ṣé ó mọ́, ṣé yóò tó?

ÀWỌN ABIYAMỌ TÍ Ó FI ẸSẸ̀ RÌN DÉ ÒKUN PUPA

Kí ọkọ̀ òfuurufú tó wọ́pọ̀, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa fi ń lọ sí Mẹ́kà. Wọn a kúrò ní Kánò, wọn a gba Maiduguri, wọn a kọjá ní agbègbè adágún Chad lọ sí Abéché, wọn a gba El Fasher àti El Obeid ní Sùdáànì, títí wọn yóò fi dé etí Òkun Pupa, níbi tí wọn yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Jẹ́dà. Àjò ọdún púpọ̀ ni. Odindi ìdílé ni ó ń lọ, tọkọ, taya, tọmọ. Nígbà tí owó bá tán, wọn a dúró, wọn a ṣiṣẹ́. Àwọn ọkùnrin a ṣe alágbàṣe, àwọn obìnrin a dáná oúnjẹ tà. Láti ọdún 1925 tí ìjọba ti ṣí oko òwú ńlá Gezira ní Sùdáànì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń kówó àjò jọ níbẹ̀. Wọ́n ń lóyún lọ́nà, wọ́n ń bímọ lọ́nà, wọ́n ń já ọmọ lẹ́nu ọmú lọ́nà.

Àwọn mìíràn kò padà mọ́. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pa Sultan Attahiru ti Ṣókótó ní Burmi ní ọdún 1903, ọmọ rẹ̀ Mai Wurno kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, wọ́n sì tẹ̀dó sí etí odò Náílì Aláwọ̀ Búlúù. Maiurno ni orúkọ ìlú náà títí di òní. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé ọkùnrin nìkan ni ó ń tẹ ìlú dó. Ibi tí a kò bá ti dáná, tí a kò bí ọmọ, àgọ́ ni, kì í ṣe ìlú.

Àwọn ìlú àtijọ́ tí wọ́n ń bá pàdé ní òpin ọ̀nà náà dára púpọ̀. Suakin jẹ́ ìlú tí ó wà lórí erékùṣù ní etí Òkun Pupa, òkúta inú òkun ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé rẹ̀. Nígbà tí èbúté Port Sudan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1909 ni Suakin bẹ̀rẹ̀ sí í dahoro. Jẹ́dà tí ó wà ní òdìkejì òkun náà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn fèrèsé onígi rẹ̀ yọ síta, a sì gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí wọn lára, kí atẹ́gùn lè wọlé, kí obìnrin sì lè máa wo ìta láìjẹ́ pé ará ìta rí i. Ní ọdún 2014, àjọ UNESCO fi ìlú àtijọ́ náà sínú ìwé àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé "ìyá àgbà" ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú wọn, nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé ibẹ̀ ni a sin Éfà ìyá gbogbo ènìyàn sí. Ẹ wo bí ó ti rí: lẹ́yìn gbogbo ìrìn náà, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni arìnrìn-àjò ń gúnlẹ̀ sí.

Lóde òní, wákàtí díẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú fi ń gbé ni láti Kánò dé Jẹ́dà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ti di ìtàn, ogun tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Sùdáànì ní oṣù kẹrin ọdún 2023 ti ba ọ̀pọ̀ ibi jẹ́ ní ojú ọ̀nà náà.

ÌLÚ ÌTÀN WÀ NÍ Ẹ̀GBẸ́ ILÉ WA

Kì í ṣe dandan kí ìyàwó Ìjùmú dé Jẹ́dà kí ó tó rí ìlú ìtàn. Lọ́kọ́ja nìyí. Ní ọdún 1841, àwọn ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba odò Ọya wá sí ibi tí òun àti odò Benue ti pàdé. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, wà nínú ọkọ̀ náà. Ó lé ní 40 òyìnbó tí ibà pa nínú ìrìn-àjò yẹn. Ní ọdún 1854, Dókítà William Balfour Baikie kó àwọn ènìyàn wá nínú ọkọ̀ Pleiad, Crowther sì tún bá wọn wá. Baikie rí i dájú pé wọ́n ń lo oògùn kìníìnì lójoojúmọ́, láìdúró kí ibà kọ́kọ́ mú wọn. Kò sí òyìnbó kan tí ó kú nínú wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ju èyí lọ: ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ. Lẹ́yìn náà ni Baikie wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja. Níbẹ̀ náà ni Lugard ti kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Orúkọ Nàìjíríà fúnra rẹ̀, obìnrin oníwèé-ìròyìn kan, Flora Shaw, ni ó dábàá rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Times ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897, nínú oṣù kan náà tí Kabba bọ́ lọ́wọ́ Bida.

Kánò tí ìyàwó wa fẹ́ lọ ńkọ́? Odi ìlú rẹ̀ ti wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ọjà Kurmi ṣì ń ná níbẹ̀. Ní Kofar Mata, kòtò aró wà tí wọ́n sọ pé ó ti wà láti ọdún 1498. Nígbà tí Heinrich Barth, ará Jámánì, dé Kánò ní ọdún 1851, ó rí i pé aṣọ aláró Kánò ń dé Timbuktu àti Tripoli. Ohun tí yóò ya obìnrin wa lẹ́nu ni pé ọkùnrin ni ó ń rẹ aró níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin ni ó ni iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìyá tí ó bá fi irú nǹkan báyìí han ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé fún un kí ó tó mọ ábídí.

OHUN TÍ ABIYAMỌ YÓÒ ṢE

Ẹni tí yóò gbé ọmọ ọwọ́ rin ọ̀nà jíjìn, kí ó ṣe báyìí:

Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan ni kí ó máa mu, ní Kánò tí oòrùn ti ń ràn gan-an pẹ̀lú. Kò nílò omi, kò nílò àgbo. Ìyá ni kí ó mu omi dáadáa, kí ó sì máa fún ọmọ ní ọmú léraléra.

Kí ó tó lọ, kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó tọ́ sí ọjọ́ orí rẹ̀, kí ó sì mú káàdì rẹ̀ dání. Kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà nínú ẹrù rẹ̀.

Oúnjẹ gbígbẹ ni kí ó dì: ẹ̀pà sísun, kókóró, àádùn. Mọ́ínmọ́ín àti ọbẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti lé ní wákàtí kan nínú ooru, kí ó má jẹ wọ́n.

Kí ó mú ìyẹ̀fun omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fúnni ní ilé ìwòsàn dání nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Bí kò bá rí i, kí ó po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà 1 omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Kí òdiwọ̀n ṣíbí náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó má ga. Kí ó máa fún ọmọ ní ọmú lọ, kí ó sì wá ilé ìwòsàn kíákíá.

Lákòótán, kí ó béèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Àwọn ajínigbé wà ní ọ̀nà kan lónìí gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹ́ṣin ti wà nígbà náà. Ojúmọmọ ni kí ó rìn, kí ó má dá rìn, kí ará ilé sì mọ ọkọ̀ tí ó wọ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI PARÍ

Ní ọjọ́ kẹta, mo sọ ohun wọ̀nyí fún Ìyá, ìyàwó sì jókòó tì wá. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin. Ọ̀rọ̀ àsáró tí ó pa ènìyàn ni ó wọ̀ wọ́n lára jù, wọ́n sì ní ẹni tí ó sè é kò ní ìyá ọkọ tí ó kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ọkọ rẹ̀ wá pàdé rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Èmi fúnra mi ni n ó mú un dé ibẹ̀, n ó sì fà á lé e lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. A kúrò ní Iyah-Gbede ní kùtùkùtù, a gba Kabba àti Ọbàjànà kọjá. Kí ọkọ tó dé, a mú Ìyá lọ wo ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ayé, wọn kò rí i rí. Omi Ọya ní àwọ̀ tirẹ̀, omi Benue ní tirẹ̀, wọ́n sì ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó dàpọ̀. Ìyá wò ó títí. Wọ́n gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, wọ́n gbé e sókè kí ó lè rí i.

"Wọ́n pàdé," ni Ìyá wí, "wọn kò sì jà."

Wọ́n dá ọmọ padà sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, wọ́n sì bá a so ọ̀já náà le.